Eèrà Kì Í Wọ Ilé Ìdáná Láìnídìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ eèrà mu ju bí ó ti bá ti aláǹgbá mu lọ. Aláǹgbá tóbi tó ohun tí ojú lè rí kí ó tó wọlé, ṣùgbọ́n eèrà kò ju hóró yanrìn lọ. Kí onílé tó mọ̀, ó ti tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti ojú fèrèsé dé inú agolo ṣúgà. Ìyàwó ilé a jí láàárọ̀, a ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tí ó sè lánàá, a sì rí i pé àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè ti ṣáájú òun jẹun. Kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Ní ayé àtijọ́, eérú ni yóò wá lọ. Ní ayé òde òní, ìgò májèlé ni ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ bá. Ìyípadà yìí ni ó yẹ kí olúkúlùkù ilé jókòó yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí eèrà lè parí sórí ọmọ.

ORÚKỌ WỌN YÀTỌ̀

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ka gbogbo wọn sí ọ̀kan náà. Eèrà ni èyí tí ó kéré, tí ń wá ohun dídùn kiri inú ilé. Tanpẹ́pẹ́ ni dúdú tí ó mọ bí a ti í ta ènìyàn. Ìkamùdù tóbi, ó dúdú, ó sì ń rùn. Ìjàlọ ni ti ara rẹ̀, nítorí pé ogun ni ó máa ń kó rìn. Ní ti ikán, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ẹ̀yà eèrà ni, kò bá wọn tan rárá. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ti fi hàn pé aáyán ni ìbátan rẹ̀.

Ọgbọ́n wà nínú ìyàsọ́tọ̀ yìí, nítorí pé bí orúkọ ti yàtọ̀ ni ọ̀nà tí a ń gbà kojú wọn yàtọ̀. Bí ìjàlọ bá ya wọ ilé lóru nígbà òjò, àgbà tí ó mọ ìṣe rẹ̀ kì í bá a jà. Wọn a gbé ọmọ ọwọ́ jáde, wọn a tú ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀, wọn a ṣí ilé adìyẹ, wọn a sì yàgò fún un. Ìjàlọ a jẹ aáyán, a jẹ ìrẹ̀, a jẹ ọmọ eku tí ó bá bá nínú ihò, a sì bá tirẹ̀ lọ. Èrò ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n eèrà ilé ìdáná kì í ṣe èrò ọ̀nà ní tirẹ̀. Ibi tí ó bá ti rí jẹ lónìí, ibẹ̀ náà ni yóò padà sí lọ́la, àti tòun ti ẹbí rẹ̀.

OHUN TÍ ÌYÁ ÀGBÀ MỌ̀

Ìyá àgbà kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n ó mọ nǹkan méjì nípa eèrà: oúnjẹ ni ó ń wá, ọ̀nà ni ó sì ń tọ̀. Orí nǹkan méjì yìí ni ó gbé gbogbo ìṣe rẹ̀ nílé ìdáná kà. Ọmọrí kì í kúrò lórí ìkòkò rẹ̀. Àgbàdo, ata gbígbẹ àti ẹja wà lórí àjà, níbi tí èéfín ààrò ti ń rú bá wọn. Ó fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ kí ó lè dán, kí ó má sì là. Bí ó bá ní oyin nílé, àárín àwo omi ni ó gbé e kalẹ̀ sí. Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ sì dé, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo omi. Bí eèrà bá wá fi gbogbo rẹ̀ yọjú, yóò tọpa wọn dé ojú ihò tí wọ́n gbà wọlé, yóò sì bu eérú sí i.

Ìmọ̀ òde òní kò pe ìyá àgbà ní òpùrọ́. Eèrà tí ó bá kọ́kọ́ rí oúnjẹ a máa fi òórùn sàmì sí ojú ọ̀nà bí ó ti ń padà lọ sílé. Àwọn yòókù a tọ òórùn náà wá, àwọn náà a sì fi tiwọn kún un. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i ni àmì náà ń le sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tò bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ lù fún. Ẹni tí ó bá fi omi ọṣẹ nu ojú ọ̀nà náà dáadáa ti pa àmì náà rẹ́. Àfi kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì tún dé tí wọn kò rí nǹkan kan jẹ, ẹsẹ̀ wọn yóò dá níbẹ̀.

MÁJÈLÉ INÚ ÌGÒ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò báyìí ni oògùn apakòkòrò, pàápàá dichlorvos àti èyí tí àwọn oníkiri ń tà ní orúkọ ota-piapia. Dichlorvos olómi líle yìí, oko ni a ṣe é fún; a kò ṣe é fún ibi tí a ti ń gún iyán. Iṣan ìmọ̀lára kòkòrò ni ó máa ń bà jẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn náà ní iṣan ìmọ̀lára. Ó lè gba imú wọlé, ó lè gba awọ ara wọlé, ó sì lè bá oúnjẹ gba ẹnu wọlé. Nítorí ewu yìí ni àjọ NAFDAC ṣe fi òfin de ìgò kéékèèké rẹ̀, oní mílílítà 100, ní ọdún 2019, tí wọ́n sì ní kí a má ṣe tà á mọ́ ní ọjà gbangba àti ní ilé ìtajà ńláńlá. Síbẹ̀, òfin kò lè wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹni tí ó bá da irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí ó sì gbé e sí abẹ́ tábìlì, kí ó rántí pé ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀wé kà.

Èyí tí ó tún dunni jù ni pé májèlé náà kì í sábà tán ọ̀ràn. Àwọn tí ojú rí ni ó ń pa. Ìyá wọn, tí ń yé ẹyin, wà nínú ihò, kò sì gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà kan wà tí ó kéré jọjọ, tí ó pọ́n rúsúrúsú, tí a ń pè ní eèrà Fáráò. Ìyá tí ń yé ẹyin máa ń pọ̀ nínú ilé rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá fín oògùn sí wọn, wọn a pín ara wọn, wọn a sì lọ tẹ ibòmíràn dó. Onílé fẹ́ tú ìletò kan ká, ó wá sọ ọ́ di mẹ́ta.

Kì í ṣe pé eèrà kò léwu rárá o. Ní ọdún 1972, a ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé eèrà Fáráò yìí ń kó kòkòrò àrùn kiri ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹni tí ń mi eèrà kúrò lórí búrẹ́dì, tí ó sì ń wí pé kò sí ohun tí yóò ṣe, òun náà kò tọ̀nà.

ÌDÍ ÀṢÀ NI KÍ A DÌ MÚ

Ẹni tí yóò gbèjà àṣà gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Èèwọ̀ ni láti gbálẹ̀ lóru nílẹ̀ Yorùbá. Àlàyé tí àwọn àgbà kan ń ṣe ni pé ìmọ́lẹ̀ fìtílà kò tó nǹkan, ẹni tí ó bá sì ń gbálẹ̀ nínú òkùnkùn lè gbá owó tàbí ìlẹ̀kẹ̀ dànù. Àlàyé yìí bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí iná mànàmáná ti ń tàn yòò, èérún oúnjẹ tí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, àsè òru ni fún eèrà. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti gbá a nítorí èèwọ̀ ti di èèpo mú, ó sì ti sọ ẹ̀pà nù.

Àwọn àgbà kan yóò wí pé bí a bá yọ òkúta kan lára ìpìlẹ̀, gbogbo ilé ni yóò mì. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ẹ̀rù èèwọ̀ bá sì ń bà lè jẹ́ kí ìgbálẹ̀ sinmi. Aṣọ ìnulẹ̀ kì í ṣe ìgbálẹ̀. Kí ó fọ àwo, kí ó nu tábìlì, kí ó dé ìkòkò, kí ó tó sùn. Àṣà kò bàjẹ́, eèrà kò sì rí jẹ.

Àwọn mìíràn yóò bèèrè pé ta ni yóò ṣe gbogbo èyí. Ìbéèrè gidi ni. Agbo ilé àtijọ́ kún fún ọwọ́. Ìyàwó òde òní a jáde ní kùtùkùtù, a sì wọlé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀. Àárẹ̀ ni ó ń mú ọwọ́ lọ sídìí ìgò májèlé, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ nìkan. Nítorí náà, kò yẹ kí ìtọ́jú ilé ìdáná jẹ́ ti obìnrin nìkan mọ́. Ọmọkùnrin tí ó jẹ bísíkíìtì níwájú tẹlifíṣọ̀n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa èérún rẹ̀. Baba tí ó mu tíì lè dé agolo ṣúgà. Olùkọ́ pẹ̀lú lè mú ọ̀nà eèrà wọ inú ẹ̀kọ́, kí ọmọ mọ̀ pé ìmọ̀ wà nínú ohun tí ìyá-ìyá rẹ̀ ń ṣe.

Orí kẹfà ìwé Òwe nínú Bíbélì rán ọ̀lẹ lọ sọ́dọ̀ eèrà láti kọ́gbọ́n. Orúkọ eèrà náà ni súrà 27 nínú Kùránì ń jẹ́. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, nítorí pé kòkòrò náà kì í sinmi. Aláápọn ni, aápọn nìkan ni a sì lè fi borí rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, tí ó sá tọ májèlé lọ, kí ó kọ́kọ́ wo ògiri ilé ìdáná rẹ̀ dáadáa: ẹnu tí ó là sílẹ̀ wà níbẹ̀, oògùn kò sì lè dí i.