Ta Ló Wọ Aṣọ Iyì fún Ìhòòhò?

Bí ọ̀rọ̀ fíìmù oníhòòhò bá délẹ̀ láàárín wa, obìnrin inú rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ bú. Kò nítìjú, kò lẹ́kọ̀ọ́! A kì í rántí ẹni tó sanwó, ẹni tó gbowó, àti ẹni tó jókòó tó ń wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ ká wo bí Amẹ́ríkà ṣe sọ ọ́ di ohun iyì, kí a lè mọ ẹni tí ẹ̀bi tọ́ sí.

Títí di 1968, àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù Hollywood ní òfin tí wọ́n fi ń ká ara wọn lọ́wọ́ kò. Ọdún yẹn ni wọ́n fi lẹ́tà rọ́pò rẹ̀. X ni ti èyí tí ọmọdé kò gbọdọ̀ wò. Wọn kò fi òfin dáàbò bo X yìí, ni àwọn oníṣòwò ìhòòhò bá sọ ọ́ di àmì ọjà tiwọn. Ní 1970, ìgbìmọ̀ ìjọba kan dámọ̀ràn pé kí wọ́n má fi òfin dí àgbàlagbà lọ́wọ́ mọ́. Ààrẹ Nixon kọ̀, àwọn aṣòfin àgbà náà kọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí.

Oṣù kẹfà 1972 ni Deep Throat jáde ní New York. Nǹkan bí 25,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, owó ìdílé kan tó jẹ mọ́ ẹgbẹ́ ọ̀daràn Máfíà. Ohun tí àwọn ọkùnrin ń yọ́ wò tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí tọkọtaya ń tò fún ní ojú pópó. Òṣèré ńlá lọ, òǹkọ̀wé lọ. Ní oṣù kìíní 1973, New York Times, ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé, kọ ọ́ pé fíìmù oníhòòhò ti di àrà tó lòde. Adájọ́ kan dá fíìmù náà lẹ́bi ní oṣù kẹta. Ariwo ẹjọ́ yẹn tún pe èrò sí i. Kì í ṣe aṣẹ́wó ẹ̀bá títì ló sọ ìdọ̀tí yìí di ọ̀ṣọ́. Àwọn ẹni iyì ni. Òmìnira ni wọ́n pè é.

Òmìnira ta ni? Linda Lovelace ni orúkọ tí wọ́n fi pe obìnrin inú rẹ̀. Ní 1980 ó kọ ìwé, ó ní lílù àti ìbọn ni ọkọ òun fi mú òun ṣe é. 1,250 dọ́là ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ òun gba ìyẹn náà. Ní 1986 ó wí níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba pé ẹni tó bá ń wo fíìmù yẹn, ìfipábánilòpọ̀ òun ló ń wò. Àwọn kan ní irọ́ ló ń pa. Nígbà tó ń rẹ́rìn-ín nínú fíìmù, ta ló ní irọ́ ni?

Ẹ ṣí Súrátù Núúr. Lórí rírẹ ojú sílẹ̀ àti ṣíṣọ́ abẹ́, ọkùnrin ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ pàṣẹ fún níbẹ̀, kó tó kan obìnrin. Kí ló dé tí wáàsí tiwa fi ń ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀? Lónìí kò sí ìlà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, inú fóònù ló wà. Bàbá tó ń yẹ ìbòrí ọmọ rẹ̀ obìnrin wò láràárọ̀, ìgbà wo ló bi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin léèrè ohun tó ń wò lóru?