Fíúsì Tó Jó Kò Ṣẹ̀ Yín, Ẹ Má Fi Ìṣó Dípò Rẹ̀!

Ìfúra lòògùn àgbà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó gbé bátìrì àti ínfátà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá mú iná lọ, fáànù yín ṣì ń fẹ́, máṣìnnì yín ṣì ń ránṣọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fẹ́ rà á, bí bátìrì ṣe tóbi tó nìkan lẹ béèrè. Ta ló béèrè wáyà tó so bátìrì mọ́ ínfátà? Ta ló béèrè fíúsì? Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iná ti lè sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìyá aránṣọ kan tó ra ínfátà 1000 watt àti bátìrì 12 volt. Rewáyà ní kó ra wáyà 35 mm àti fíúsì 125 ampere. Ìyá figbe ta: "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ fi mí jẹun ni? Ṣebí wáyà 2.5 mm ló wà nílé mi, tí kò sì ṣe nǹkan kan?"

Rewáyà dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má bínú, Màmá. Iná ilé yàtọ̀ sí ti bátìrì."

Òótọ́ lọmọ náà sọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi volt pín watt, ampere lẹ máa rí. Iṣẹ́ 1000 watt lórí iná ilé 220 volt kò ju ampere 4 àbọ̀ lọ. Iṣẹ́ kan náà lórí bátìrì 12 volt di ampere 83. Ínfátà fúnra rẹ̀ tún ń jẹ díẹ̀, agbára bátìrì sì ń wálẹ̀ bí ẹ ti ń lò ó, nítorí náà ẹ kà á sí 100. Ó dà bí ẹrù gàrí: ọkọ̀ ńlá kó o lẹ́ẹ̀kan, ọmọlanke kó o nígbà ogún. Bí ọmọlanke bá pọ̀ lójú ọ̀nà, àfi kí ọ̀nà fẹ̀.

Ká ní wáyà gùn ní mítà 1 ní àlọ, mítà 1 ní àbọ̀. Bó bá jẹ́ 2.5 mm ni ampere 100 ń gbà kọjá, volt 1 àti díẹ̀ á ṣòfò sójú ọ̀nà, á sì di ooru bíi 138 watt. Ẹ rántí gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ 100 watt, bó ṣe ń jó ọwọ́. Irú ooru yẹn, àní tó tún jù ú lọ, ló máa wà nínú wáyà tín-ín-rín. Rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́, aṣọ tó bá fara kàn án á gbiná. Wáyà 35 mm kò ní fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá volt ṣòfò. Bí ọ̀nà bá gùn ní ìlọ́po méjì, òfò náà di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ínfátà jìnnà sí bátìrì. Àmọ́ o, ẹ má gbé e lé orí bátìrì olómi, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná.

Kí ni fíúsì ń ṣọ́?

Ọ̀pọ̀ rò pé ínfátà ni fíúsì ń ṣọ́. Rárá o! Wáyà ló ń ṣọ́. Bí eku bá gé rọ́bà wáyà jẹ, tí wáyà méjèèjì sì kan ara wọn, bátìrì ńlá lè ti ju ampere 1,000 lọ jáde lójú ẹsẹ̀. Fíúsì ló máa já kí wáyà má baà jó.

Ìdí nìyẹn tí fíúsì fi gbọ́dọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ ń fà lọ, kó má sì ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Iṣẹ́ ń fa 100, fíúsì jẹ́ 125, wáyà 35 mm sì lè gbé e. Ẹ ra fíúsì tí wọ́n ṣe fún iná bátìrì, kì í ṣe ti iná ilé. Orí wáyà tó ti ibi àmì + jáde ni kó wà, kó sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí. Ìlànà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi kékeré ní Amẹ́ríkà ni pé kó má jìnnà ju ínǹṣì 7 lọ. Wọ́n mọ̀ pé bí iná bá sọ lágbedeméjì omi, kò síbi tí èèyàn máa sá sí.

Bí fíúsì bá wá jó, ẹ má fi ìṣó dípò rẹ̀, ẹ má fi bébà inú páálí sìgá dípò rẹ̀, ẹ má sì fi 250 rọ́pò 125. Fíúsì tó jó, nítorí yín ló ṣe kú. Ẹ wá ohun tó pa á, kí ẹ tó fi irú rẹ̀ gan-an síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjà pọ́ọ́kú náà. Kí ẹ tó sanwó wáyà, ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́. Bí òde bá pupa bíi bàbà ṣùgbọ́n tí inú funfun, kì í ṣe bàbà pátápátá, kò sì lè gbé ohun tí bàbà ń gbé. Bí wọ́n bá so ó tán, kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin, torí ibi tó bá dẹ̀ ló ń gbóná.

Owó wáyà dun ìyá aránṣọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ta ló kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Ṣebí ankó aláṣọ ni? Àwọn àgbà ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Iná bátìrì kò ní í dúró de ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá jó, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa kó lọ.