Kí A Tó Yáwó Ra Jíà, Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Kóòdù Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ jíà ọtomátíìkì ni a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Púpọ̀ nínú wa ni ó ń fi ọkọ̀ tòkunbọ̀ kó ẹrù lọ sọ́jà. Bí iná ẹ́ńjìnì bá tàn báyìí, tí jíà ń pẹ́ kí ó tó wọlé, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé: "Jíà ti lọ, ẹ wá owó òmíràn." Ó di ọ̀dọ̀ akápò, ó di ẹ̀yáwó, ó di Ládipọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta jíà Bẹ́líjíọ̀mù.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Ó yáwó, ó ra jíà, wọ́n bá a dè é. Ọjọ́ kẹta, iná tún tàn. Ìgbà yẹn ni a tó wá ẹni tí ó ní sikánà. Kóòdù P0715 ni ó jáde, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí ń ka bí jíà ṣe ń yí kò dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ gbọ́ o, wáyà ni eku jẹ! Rewáyà so ó, iná kú. Jíà àkọ́kọ́ kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá a tà á. Gbèsè ni ó kù lọ́rùn ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Kí ni kóòdù yìí gan-an? Àrokò ni. Ẹni tí ó bá gbà á ní láti tú u kí ó tó dìde. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ó ní ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, tí a ń ki sikánà bọ̀. Bí kóòdù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P0, ìtumọ̀ kan náà ni ó ní, irú ọkọ̀ yòówù kí ó jẹ́.

P0700 ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Kò sọ pé jíà bàjẹ́. Ohun tí ó ń wí ni pé: "Kọ̀ǹpútà jíà ní ọ̀rọ̀ í sọ, ẹ lọ bi í." Sikánà olówó pọ́ọ́kú tí ó ń ka ẹ́ńjìnì nìkan lè dúró síbẹ̀, èyí tí ó ń bá jíà sọ̀rọ̀ ni yóò gbé ìyókù jáde. P0750, fún àpẹẹrẹ, ń tọ́ka sí solenoid kan tí ń darí epo nínú jíà, tàbí wáyà rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a lè pààrọ̀ rẹ̀ láì sọ jíà kalẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé nìyí. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ ki sikánà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ gbogbo kóòdù sínú ìwé. Ẹ má pa á rẹ́ o! Ẹni tí ó pa kóòdù rẹ́ kò tún ọkọ̀ ṣe, ẹnu ojíṣẹ́ ni ó pa mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn bátìrì: bí fólítì 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, 13.5 sí 14.5 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Bí iná bátìrì bá rẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà lè máa sọ ìsọkúsọ. Ẹ wo epo jíà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Toyota tí ó ní ọ̀pá ìwọnpo, ẹ́ńjìnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí P. Ti Honda, ẹ pa ẹ́ńjìnì ná. Ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ ní ọ̀pá, ẹ ka ìwé rẹ̀. Epo pupa dára. Epo dúdú tí ń rùn bí ohun tó jóná kò dára. Ẹ wo wáyà àti ibi tí wọ́n ti so mọ́ra, bóyá omi tàbí eku ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ilé mẹkáníìkì. Òótọ́ ni, a kò sì bá mẹkáníìkì jà. Àwọn tó mọṣẹ́ nínú wọn ni ó kọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ P0730, tí jíà kò yí bí ó ti yẹ, tí epo dúdú, tí a tún bá irin wẹ́wẹ́ nínú páànù jíà, a jẹ́ pé jíà ti lọ lóòótọ́. Kí ẹgbẹ́ tètè yá onítọ̀hún lówó. Ṣùgbọ́n owó tí a ń yá yìí, owó ìyá alátà àti bàbá alágbàdo ni, tí wọ́n ń dá a díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí ẹgbẹ́ ra sikánà kan tí ó lè ka jíà, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí ẹ̀yáwó jíà kankan má sì jáde mọ́ láìjẹ́ pé kóòdù, bátìrì àti epo wà lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀wò ní ìpàdé tí ń bọ̀. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ire o.