Ìtọ́jú Ènìyàn Kì í Ṣe Ti Obìnrin Nìkan: Ìkéde Láti Òkòkómáíkò

Àwa obìnrin àti ọkùnrin tí a ń gbé Òkòkómáíkò, Ìbà àti Ọjọ́ ti fikùn lukùn, a sì ti pinnu. Ohun tí a dúró lé nìyí.

A gbàgbọ́ pé ọmọlúàbí kò ní akọ, kò ní abo: ìwà tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin ni ká béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin.

A gbàgbọ́ pé ẹni tó ń pọn ọmọ, tó ń dáná, tó ń ṣọ́ aláìsàn, iṣẹ́ ló ń ṣe, iṣẹ́ tí gbogbo iṣẹ́ yòókù gbára lé.

A gbàgbọ́ pé ọ̀wọ̀ àgbà dára, ṣùgbọ́n àgbà náà ní ojúṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó ti tó nǹkan bí 2,500 ọdún tí amòye Confucius ti kọ́ àwọn ará Ṣáínà pé kí baba hùwà baba, àti pé inú rere sí ọmọnìkejì ni olórí ìwà. A gba èyí. A kò gba èyí tí àwọn tó tẹ̀lé e sọ di òfin, pé kí obìnrin wà lábẹ́ baba, kó bọ́ sábẹ́ ọkọ, kó sì kú sábẹ́ ọmọkùnrin rẹ̀.

A gbàgbọ́ pé ọgbọ́n wà nínú ríro ti ẹlòmíràn mọ́ tẹni. Lọ́dún 1982, Carol Gilligan, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé In a Different Voice láti fi hàn pé ìwà ọkùnrin ni àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n ìwà gbogbo ènìyàn, tí wọn kò sì ka ohùn ìtọ́jú tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu obìnrin sí. A gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn kẹ́wọ́ pé obìnrin nìkan ni Ọlọ́run dá ìtọ́jú mọ́.

Ètò àtijọ́ ti kùnà. Ẹ dúró ní Ìyànà-Ìbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Obìnrin tó pọn ọmọ, tó gbé ẹrù dání, tó ń sáré lé dánfó yẹn, ó ti se oúnjẹ, ó ti fọ aṣọ ilé-ìwé, ó ti fún ìyá ọkọ lóògùn. Owó rẹ̀ wà nínú owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Síbẹ̀, bí ẹbí bá ń ṣèpàdé, wọ́n á ní kó lọ bu omi wá fún àlejò. Lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ogún baba du ọmọbìnrin, nínú ẹjọ́ ìdílé Ìgbò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Títí dòní, wọ́n ṣì ń fi dù ú. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin ní Àbújá da àbá tó fẹ́ ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ilé aṣòfin nù.

Nítorí náà, a ó ṣe é báyìí.

Nínú ilé wa, ọmọkùnrin yóò dáná, yóò fọ abọ́. Ẹni tó fọ abọ́ tó fi jẹun kò ṣoore fún ẹnikẹ́ni.

Nínú ọjà, láti Ìyànà-Ìbà títí dé Alábà, a ó bá ìyálọ́jà àti babalọ́jà sọ̀rọ̀ kí yàrá kan wà fún ọmọ ọwọ́.

Níbi iṣẹ́, a fẹ́ kí bàbá ọmọ tuntun gba ìsinmi, bí ìjọba Èkó ṣe fọwọ́ sí i fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2014.

Lórí ogún, a ó tẹ̀lé opó àti ọmọbìnrin lọ sípàdé ẹbí. Bí ẹbí bá kọ̀, a ó bá wọn dé ilé-ẹjọ́.

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ òkèèrè la gbé wá. Ará òkèèrè kọ́ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọlọ́jà Abẹ́òkúta, tí wọ́n kọ owó orí obìnrin títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ifásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ dara pọ̀ mọ́ wa. Bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. A kò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ilé kan tí o ti ń fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ni kí o bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.