Géèmù Tí O Sanwó Rẹ̀, Ṣé Tìẹ Ni Lóòótọ́?

A ti dé láti ọlidé, aago ìdájí sì ti tún ń jí wa. Kí n tó gbàgbé ọlidé pátápátá, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ géèmù ni, àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo yege ní JSS 3, ẹ̀gbọ́n mi ra géèmù kọ̀ǹpútà kan fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gba installer rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn àwọn fáìlì tí a fi ń gbé géèmù sórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì márùn-ún ni. Mo dà wọ́n sórí flash, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó parí.

Ní ọlidé yìí, láptọ́ọ̀pù ilé wa kọṣẹ́, wọ́n sì ní láti pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Àyà mi ò tiẹ̀ já. Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Má sunkún, ó wà lórí flash." Nígbà tí mo fi flash sí i, ó ṣiṣẹ́ títí ó fi kọjá ìdajì, ló bá dúró, ó ń béèrè fáìlì kẹrin. Kò sí níbẹ̀. Ó jọ pé iná lọ nígbà tí mo ń dà á sórí flash lọ́jọ́sí, èmi ò sì padà yẹ̀ ẹ́ wò. Àbúrò mi kàn ń wo ojú mi ni.

Nígbà tí mo rò ó fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, wọ́n ní, "Kí ló ń dùn ẹ́? Ṣebí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ dáúnlóòdù ẹ̀ padà jàre." Wọn ò rò ó délẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Àkọ́kọ́, ta ló máa ra dátà? Géèmù tó tó gígábáìtì 16 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi owó àpò gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sì lè lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Nàìjíríà, Gánà àtàwọn aládùúgbò wa fara gbá a, kódà iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báńkì kan. Installer tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ ò ní mọ̀ pé okùn kankan já.

Ìkejì, ẹni tó tà á fún ọ lè gbà á padà. Ubisoft gbé géèmù ìwakọ̀ kan tó ń jẹ́ The Crew jáde ní ọdún 2014. Ní ìparí oṣù Kẹta, ọdún 2024, wọ́n pa kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù náà gbára lé. Látìgbà náà, ẹni tó sanwó ò lè gbá a mọ́, kódà bó bá fẹ́ dá nìkan gbá a. Ní ọdún yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ṣòfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025: ẹni tó ń ta irú ọjà yìí ò gbọdọ̀ pè é ní "ra" láìjẹ́ kó yé oníbàárà pé àṣẹ ìlò ló ń gbà. Àmọ́ òfin náà ò mú ọjà tí èèyàn lè gbà sílẹ̀ pátápátá, kó sì máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rí i? Installer gan-an ni ààlà. Oko kì í sì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló rí bákan náà. GOG, tí àwọn ará Pólándì bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ń fún èèyàn ní installer tí kì í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Steam náà máa ń jẹ́ kí èèyàn ṣe ẹ̀dà, àmọ́ inú Steam, pẹ̀lú àkáǹtì rẹ, lo máa gbà dá a padà. Aṣọ à-gbà-bọ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ̀bi tèmi ni mo wá jẹ́wọ́. Ká ní installer yàtọ̀ sí ká tọ́jú rẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Géèmù kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, mo sì ń kọ nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ sí i lára. Mo ń ka àwọn fáìlì náà pé. Lórí Windows, mo ń lo certutil -hashfile, ó máa ń fún mi ní ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀wọ́ yẹn bá yí padà lọ́jọ́ iwájú, fáìlì ti bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò ní pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ àyàfi tí mo bá ti gbé tuntun sórí kọ̀ǹpútà, tó sì ṣiṣẹ́. Ibi tí mo gbá géèmù dé kì í sí nínú installer, nítorí náà mo ń ṣe ẹ̀dà ìyẹn lọ́tọ̀. Paríparì rẹ̀, ibi méjì ni mò ń kó gbogbo rẹ̀ sí, flash àti háàdì dìsìkì ẹ̀gbọ́n mi, torí ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Àwọn kan máa ní, "Tó o bá ti ní i, fún wa náà." Rárá o. Ẹ̀dà tí mo ṣe fún ara mi, ìtọ́jú ni. Èyí tí mo bá pín ká họ́sítẹ̀ẹ̀lì, olè ni. Àwọn ọmọ wa náà ń ṣe géèmù. Maliyo Games ti wà nídìí ẹ̀ ní Èkó láti 2012. Tá a bá ń jí iṣẹ́ wọn, kí ni wọ́n máa fi ṣe òmíràn?

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sórí géèmù. Bwari níbí ni olú iléeṣẹ́ JAMB wà, orí kọ̀ǹpútà sì ni gbogbo wa máa ti ṣe ìdánwò wọn. Ohun tí ẹ fi ń ka ìwé sílẹ̀ dè é ńkọ́, ẹ̀dà rẹ̀ mélòó lẹ ní? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ ṣáà má gbé flash wá síbí o, háósì másítà ò ní bi yín bóyá ẹ̀dà kejì ni.