Àyè Ẹlẹ́sẹ̀ Lójú Títì

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra: kò sí ọmọ Oòduà tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ òwe yìí fún, nítorí pé ọmọdé pàápàá mọ̀ pé níbi tí àyè bá ti gba gbogbo ènìyàn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ti ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tí ó mú mi gbé e kalẹ̀ lónìí ni ọ̀rọ̀ tí ó wáyé ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Sùúrùlérè, níbi tí àwọn kan ti mú àbá wá pé, níwọ̀n bí a ti fẹ́ tún títì wa ṣe, kí a fẹ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí a ya apá kan sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ológeere, kí a sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa rọra rìn. Àbá náà kò tíì kúrò lẹ́nu wọn tán tí ọkùnrin kan fi dìde, tí ó ní kí ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ lọ wá owó, pé a kò da ọ̀dà nítorí ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, n kò sì ní fi ìdájọ́ falẹ̀: ọkùnrin náà jẹ̀bi, àtẹ́wọ́ kò sì lè sọ ẹ̀bi di àre.

Ẹ wo títì náà bí ó ti wà. Láti gọ́tà dé gọ́tà, ọkọ̀ ni ó ni ín; orí kọnkéré tí a fi bo gọ́tà, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ìbá máa gbà, ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbé ọkọ̀ sí, tí ọmọ iléèwé tí ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ìyá tí ó pọn ọmọ, àti bàbá arúgbó tí ó ń tẹ̀pá fi ń sọ̀kalẹ̀ sójú ọ̀dà láàrin àwọn kórópe. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá dúró sí ìkóríta wa ní ìdájí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìjọba Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ọdún 2018 ni ó gbé ìlànà jáde pé kí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ní àyè tiwọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣírò pé ní ọdún 2021, nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa káàkiri ayé, tí ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún wọn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀. Ìmọ̀ràn wọn sì ni pé níbi tí ènìyàn àti ọkọ̀ bá ti pàdé, kí eré ọkọ̀ má kọjá 30 kìlómítà ní wákàtí kan.

Àwọn tí ó tako àbá náà ní oòrùn wa mú jù fún kẹ̀kẹ́. Èyí kò gba àríyànjiyàn: oòrùn náà ń pa ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lónìí, igi ni kí a gbìn. Wọ́n tún ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ọlá, bí ẹni pé kì í ṣe òun ni olùkọ́ àti wolé-wolé ń gùn ní ayé àwọn baba wa, tí a sì ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní ilẹ̀ Hóláńdì ni kẹ̀kẹ́ yẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò bá ètò kẹ̀kẹ́ tí ó ní lónìí wáyé. Ní ọdún 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa níbẹ̀, ó sì lé ní 400 nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọdé. Àwọn òbí fi ìbínú dìde, àwọn ọmọ àdúgbò De Pijp ní Amsterdam fúnra wọn dí títì kí wọ́n lè rí ibi ṣeré, títí òfin fi jáde ní ọdún 1976 pé ní irú àdúgbò tí ìlú Delft kọ́kọ́ dá sílẹ̀, kí ọkọ̀ máa bá ẹsẹ̀ ènìyàn rìn. Nígbà tí ó di 1977, ìlú Groningen pín àárín rẹ̀ sí mẹ́rin, ọkọ̀ kò sì lè ti apá kan kọjá tààrà sí èkejì mọ́.

Ṣùgbọ́n òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò lè dá ẹjọ́ yìí tán. Ojú ọ̀run kò ní gọ́tà. Bí àṣá bá gba ìhà kan, ẹ̀gà a gba ìhà mìíràn. Títì wa ní ìwọ̀n, ẹni tí ó jókòó sínú irin kì í sì í bẹ̀rù ẹni tí ó fẹsẹ̀ rìn, nítorí náà bí a bá fi pínpín rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwà rere nìkan, alágbára ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: àwa onílé àti ìjọba ìbílẹ̀ ni àgbà ọjà yìí. Àwa ni kí a ri òpó kọnkéré mọ́ etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí ọkọ̀ má baà gùn ún, kí a ṣe bọ́ǹpù sí ẹnu ọ̀nà iléèwé, kí a fi ìhà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ìyá tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́bàá títì ní ẹjọ́ tí ó lágbára ju ti ọlọ́kọ̀ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ ọmọ. Kí a sàmì sí àyè fún wọn, kí a má lé wọn.

Nígbà tí ìpàdé bá tún pé, kí a mú okùn ìwọ̀n lọ sójú títì, kí a kọ́kọ́ wọn àyè ẹlẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ti ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ àti ti alátẹ. Èyí tí ó bá kù ni kí a fún ọkọ̀.