Kí A Tó Kọ́lé fún Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ ilé ọkọ̀ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Èmi kò sọ ti gáréèjì tí wọ́n ti ń pe èrò Àkúrẹ́ àti Benin o. Ibi tí onílé ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí ni mo ń wí, pàápàá èyí tí ó jẹ́ irin, tí wẹ́dà máa ń jó tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí lọ́rì yóò gbé wá, tí wọn yóò sì tò pọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ó yá, ó sì dára lójú, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Nígbà tí mo ń kọ́lé mi ní Ọ̀wọ̀ níhìn-ín, bíríkìlà bi mí pé, “Tíṣà, níbo ni ọkọ̀ yóò máa sùn?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó jẹ́ kí a kọ́ ti ènìyàn ná. Ilé parí, mo yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo fi ra Corolla tòkunbọ̀ kan, mo sì sáré lọ bẹ wẹ́dà kan níṣẹ́ ní ìlú mìíràn, pé kí ó bá mi ṣe ilé ọkọ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 20. Owó kò pé. Ìyàwó mi, tí ń ta ìrẹsì àti epo pupa, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ rẹ̀ ni. Ó yá mi níbẹ̀.

Ọjọ́ tí lọ́rì já irin náà sílẹ̀ ni a tó wọn ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹsẹ̀ bàtà 9 péré ni ó wà láàárín ògiri àti fẹ́ǹsì! Iwájú ilé ni a gbé e sí, ó sì dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi. Nítorí pé owó ti tán, èèkàn irin ni a fi kàn án mọ́lẹ̀ dípò kọnkéré. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ìjì dé, ó gbé e tirin tirin, ó sì fi lu fẹ́ǹsì aládùúgbò mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún fẹ́ǹsì náà ṣe, ìyàwó mi kò sì rí owó kó ọjà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀rọ̀ kan ni ó sọ: “Bàbá Túndé, ìṣirò tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé, ẹ kò ṣe é nílé.”

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn baba wa mọ èyí. Ẹ wo ààfin Ọlọ́wọ̀: àgbàlá tí à ń pè ní ùghà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n tó 100 nígbà kan rí, èyí tí ó sì wà nínú wọn ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹni tí ń kọ́lé ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, tàbí ní Ìdóàní, fi sọ́kàn.

Èkíní ni àyè. Bí ìbú ilẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50, tí ìbú ilé jẹ́ 30, tí a sì kọ́ ọ sí àárín gbùngbùn, 10 ni yóò kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilé ọkọ̀ kò gbà. Bí a bá sún ilé ní ẹsẹ̀ 4 péré, ẹ̀gbẹ́ kan di 14, ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọ́fíìsì ètò ìlú ní iye àyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ sí títì àti sí ilẹ̀ ẹlòmíràn, nítorí pé òfin ètò ìlú ti 1992 ní kí a gba ìwé àṣẹ kí a tó kọ́lé. Ẹ ya ilé ọkọ̀ sínú pílánnù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà fi ọ̀dà pupa kọ “wó o” sí i lára lọ́la.

Èkejì ni irú rẹ̀. Àwọn kan ní, “Kọ̀ǹtínà ńkọ́?” Ó dára fún ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹtínà ẹlẹ́sẹ̀ 20 kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ 8 lọ láti ìta, inú rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ 6 lè wọlé, àmọ́ ojú fèrèsé ni awakọ̀ yóò gbà jáde! Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé àtòpọ̀ kì í pẹ́. Lẹ́yìn ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì to irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 150,000. Nǹkan bí ọdún 10 ni wọ́n dá fún wọn, ọ̀pọ̀ sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Orí kọnkéré ni wọ́n gbé wọn kà, kì í ṣe orí èèkàn bíi tèmi.

Ẹ̀kẹta ni owó. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ 12 sí 20 tí ó nípọn ní íǹṣì 4, tí a po ní ìdá kan sìmẹ́ńtì, méjì iyanrìn, mẹ́rin òkúta wẹ́wẹ́, yóò gba nǹkan bí àpò 15. Ihò òpó mẹ́fà tí ó jìn ní ẹsẹ̀ 2 yóò gba nǹkan bí 5. Ó di 20. Bí àpò kan bá jẹ́ 10,000 náírà, 200,000 nìyẹn, a kò tí ì dárúkọ irin, páànù, lọ́rì tàbí owó iṣẹ́. Ẹ fi owó ìkọsẹ̀ kún un pẹ̀lú. Ní 2023, sìmẹ́ńtì jẹ́ nǹkan bí 5,000 náírà. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 10,000 ní ibi púpọ̀. Ẹni tí ó tọ́jú owó àpò 20 rí 10 rà.

Bí owó kò bá pé, ẹ da kọnkéré ilé ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ti ilé, nígbà tí òṣìṣẹ́ àti iyanrìn ṣì wà nílẹ̀. Irin lè dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó ọjà, ìbáà ṣe ti ara yín tàbí ti ìyàwó yín.

Mo ti san àjọ ìyàwó mi padà tán. Irin náà wà lẹ́yìn ilé. Adìẹ ni ó ń sùn nínú rẹ̀. Corolla ń sùn níta.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.